Bá Mi Wo Claudius Náà

Thamesmead, London
11 Oṣù Kejì, 2014

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìrọ́jú ọyẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ara Mọ́mì náà dá? Àwa wà dáadáa níbí, àfi òtútù tó ti ń bá wa jà láti oṣù Kọkànlá tí kò fẹ́ lọ. Ismaheel ní kí n kí yín dáadáa. Bọ́ọ̀sì náà ló ṣì ń wà, wọ́n ti gbé e sí ojú ọ̀nà 53 báyìí, èyí tó ń ti Plumstead lọ sí àárín ìlú. Inú ọkọ mi dùn sí i, ó ní àwọn èrò ibẹ̀ kì í jà púpọ̀.

Mọ́mì ní etí yín kò fẹ́ gba fóònù mọ́, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ. Ẹ wò ó, mo ti kọ ọ́. Ẹ má tún sọ pé ọmọ London ti gbàgbé ilé.

Dádì, a ti lọ yẹ oyún náà wò. Obìnrin ni. Wọ́n ní àárín oṣù Kẹfà ni yóò dé. Mo rántí pé nígbà tí àwọn ẹbí Ismaheel wá tọrọ mi, ẹ dá owó orí padà fún wọn, ẹ ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ gbà ni pé kí ẹ̀yin sọ àkọ́bí wa lórúkọ. Wọn kò gbàgbé. Bàbá Ismaheel tún un sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú pé títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀, àwọn kò ní dá sí i.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ òyìnbó kan kún èyí tí ẹ bá mú. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì láti ọdún mẹ́ta. Ìwé ìwáṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ni mo ti kọ. Kò sí ẹni tó pè mí rí. Ọ̀rẹ́ mi Títí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, yí orúkọ tirẹ̀ sí Tina lórí ìwé, wọ́n pè é kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni a lọ o! Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fojú àjòjì wo ọmọ mi kí wọ́n tó rí i rárá.

Barbara ni mo fẹ́. Orúkọ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ni, obìnrin náà gbayì, kò sí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí fún un. Ẹ kàn fọwọ́ sí i fún mi.

Ọmọ yín,
Jemilat


Ìjẹ̀bú-Òde
27 Oṣù Kejì, 2014

Jemilat ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ṣeun, Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ padà sí ọ nínú àpò yìí, mo ti fi bírò pupa ṣàtúnṣe àwọn ibi tí o ti sáré kọjá láìfi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọmọ tíṣà ni ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá rẹ ní kí n rán èèyàn, mo kọ̀. O mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń tiro, ẹsẹ̀ òsì yìí kò sì dí mi lọ́wọ́ ohunkóhun rí, ó kàn ń jẹ́ kí n pẹ́ débẹ̀ ni.

Ó yá, Barbara. Kí ló túmọ̀ sí? Irú ọmọ wo ni wọ́n ń sọ ní Barbara, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i? O ní ọ̀gá rẹ gbayì, mo ti gbọ́. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tí àwọn òbí rẹ̀ rí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀? O fẹ́ kí n fi ọwọ́ mi sábẹ́ ohun tí n kò lè kà. N kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò kọ̀ ọ́ o, gbọ́ mi dáadáa. Àárín àgbà lo ti ń ṣiṣẹ́. Bi wọ́n léèrè. Àgbà ibikíbi yóò mọ ìtumọ̀ orúkọ ara rẹ̀. Tí èsì rẹ̀ bá dára, n ó gbà.

Kí Ismaheel má sáré. Kí ìwọ náà má gbé ohun tó wúwo.

Bàbá rẹ,
B. Sàlàkọ́


Thamesmead, London
16 Oṣù Kẹta, 2014

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo rí bírò pupa yín, ojú tì mí díẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ẹ wò ó, mo ti fi àmì sí i lónìí.

Mo bi wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ọ̀gá wa ni mo kọ́kọ́ bi. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè iye ọdún rẹ̀. Ó ní, "Darling, it doesn't mean anything. Àǹtí mi kan ló ń jẹ́ ẹ, that's all." Mo kọjá sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Walter, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, wọ́n ní orúkọ àbúrò ìyá wọn tó kú sógun ni, ìyẹn tán. Màmá tó jókòó tì wọ́n ní inú sinimá ni ìyá àwọn ti rí tàwọn. Dádì, ẹ lè gbà á gbọ́? Kí èèyàn jẹ́ orúkọ fún àádọ́rùn-ún ọdún kó má bi ẹnikẹ́ni léèrè!

Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀. Màmá Phoebe ni, wọ́n ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Plumstead ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Látìn. Bí mo ṣe béèrè báyìí ni ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n ní ogún ọdún rèé tí ẹnikẹ́ni ti bi àwọn ní ohun tó ní làákàyè nínú. Wọ́n ní kí n bá àwọn fa ìwé ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo orúkọ àwọn ará Yúróòpù ló wà níbẹ̀.

Ẹ jókòó o, Dádì. Barbara: àjòjì. Obìnrin àjòjì. Wọ́n ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ kì í gbọ́ èdè àwọn àlejò, létí wọn ó kàn ń dún bá-bá, bá-bá ni, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Ara mi tutù. Èmi tí mò ń sá kí wọ́n má pe ọmọ mi ní àjòjì, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sórí ìwé ìbí rẹ̀! Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá Phoebe, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Nínú ìwé náà, Walter ni olórí ogun. Bẹ́ẹ̀ ni kúùkù ni bàbá náà ní bárékè àwọn sójà tó dojú kọ pápá Common, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, wọn kò yìnbọn rí láyé wọn. Thomas ni ìbejì. Stephen ni adé. Noel ni Abíọ́dún gan-an! Septimus ni ọmọ keje. Mo wá ń rò ó pé ṣé bí àwọn náà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n wá gbàgbé?

A ti ju Barbara nù. Mo ṣì ń wá òmíràn.

Ọmọ yín,
Jemilat


Ìjẹ̀bú-Òde
4 Oṣù Kẹrin, 2014

Jemilat ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ọbẹ̀ jóná. Tèmi náà kò kéré. Àjòjì! Ó dára bẹ́ẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó lọ wádìí ibi tí wọ́n bí i sí, ó ní láti jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni, tàbí pé àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Òyìnbó kò lè ṣàdédé sọ ọmọ ní Àjòjì.

Bá mi kí Màmá Phoebe. Sọ fún wọn pé tíṣà bíi tiwọn ni mí. Tí kò bá ni wọ́n lára, mo ní àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí, a jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ni, n kò sì ronú rẹ̀ rí títí o fi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. George wà níbẹ̀. Philip náà. Dorothy tó ń ta ṣúgà fún wa lábẹ́ tábìlì. Bá mi wo Claudius náà. Àti Ursula, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin tó le bí ojú ẹja.

Mo ti ń wá orúkọ ọmọ rẹ. N kò ní sọ fún ọ. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun nítorí rẹ̀. Lẹ́tà mi yóò dé kó tó di ọjọ́ kẹjọ, fọkàn balẹ̀.

Bàbá rẹ,
B. Sàlàkọ́


Thamesmead, London
23 Oṣù Kẹrin, 2014

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìsinmi. Inú ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kò sí ewu. Ismaheel ló ń fọ aṣọ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́.

Màmá Phoebe kí yín padà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni a ń jókòó ti ìwé náà, àwọn arúgbó yòókù ti ń tò sẹ́yìn wa báyìí kí a lè wo tiwọn. Ẹnu ya obìnrin kan tó ń jẹ́ Deborah, oyin ni òun láti ọjọ́ yìí wá!

Èsì yín rèé. George ni àgbẹ̀. Philip ni ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin, ṣé kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Philip tó ń sá fún ewúrẹ́ nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn? Dorothy ni ẹ̀bùn Ọlọ́run, ẹ̀yin náà ẹ ti jẹ ṣúgà rẹ̀. Ursula ni ọmọ béárì, ẹranko kan tó ga ju èèyàn lọ tó sì ń jẹ èèyàn. Ẹ rí i pé òyìnbó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ti Claudius ló yà mí lẹ́nu jù. Atiro ni. Ẹni tó ń tiro. Mo ní kí Màmá Phoebe tún un wò, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́ o, Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bú, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta wá ni ẹni burúkú yẹn, tó máa wo ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó máa pè é ní Atiro títí ayé? Ọ̀rẹ́ yín wo ló ń jẹ́ ẹ? Ẹ má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un o, kó má lọ bà á nínú jẹ́.

Mo ti rí orúkọ tí mo fẹ́. Phoebe. Ẹni tó ń tàn, tó mọ́lẹ̀ bí òṣùpá. A mọ ìtumọ̀ rẹ̀, a sì mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ṣé ẹ ó gbà?

Ọmọ yín,
Jemilat


Thamesmead, London
30 Oṣù Karùn-ún, 2014

Dádì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, n kò rí lẹ́tà kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé e sọnù. Nígbà tí mo pe Mọ́mì, wọ́n ní lẹ́tà mi dé, ẹ kà á ní ìta, ẹ wọlé, láti ìgbà náà inú yàrá ni ẹ ti ń jẹun. Wọ́n ní ẹ kò sọ ohun tó ṣe yín.

Ṣé Phoebe ni kò tẹ́ yín lọ́rùn? Mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ ṣáá. Tí mo bá kọ ohun tí kò yẹ, ọmọ yín ni mí, ẹ bá mi wí. Ẹ má dákẹ́ báyìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ dé.

Jemilat


Thamesmead, London
24 Oṣù Kẹfà, 2014

Dádì mi,

Mọ́mì ti sọ fún yín pé mo ti bímọ. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, ní ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Common. Ara èmi àtọmọ le. Iwájú orí yín ló gbé wá, tààrà báyìí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti wá, ó ti lọ. Álífà Muaz wá láti Plumstead, a se oúnjẹ, àwọn èèyàn kún pálọ̀ wa. Álífà gbé ọmọ, ó pe ìrun sí i létí, ó wá ní, "Kí lorúkọ tí bàbá ìyá mú wá?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní lẹ́tà kò tíì dé. Ó yí sí Ismaheel. Ismaheel ní, "Álífà, we gave our word. Ẹ bá wa ṣàdúà, orúkọ ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣàdúà fún ọmọ tí kò ní orúkọ, àwọn èèyàn jẹun, wọ́n lọ. Mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí yín, mo ní láti sọ ọ́.

Bébì ni a ń pè é. Ìjọba ìhín fúnni ní ọjọ́ méjìlélógójì láti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé. Bàbá Ismaheel kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní sọ ọ́. Tí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n kí ló kàn án, ọmọ tí a bí lánàá?

Jemilat


Ìjẹ̀bú-Òde
3 Oṣù Keje, 2014

Jemilat ọmọ mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìkúnlẹ̀ àná. N kò bínú sí ọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, má bínú.

Èmi ni Claudius.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1954 ni bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé àwọn onímísọ́ọ̀nù, kò sí ilé-ìwé mìíràn ní agbègbè wa nígbà náà. Ọmọ ọdún méje ni mí, ibà ti mú mi lẹ́sẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Tíṣà Fẹ̀hìntọlá ló jókòó nídìí tábìlì tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun. Ó bi mí, mo ní Bashiru. Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní, "Èyí ò ṣeé kọ síbí." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ọkùnrin tó tó bí i lọ́mọ, wọ́n ní, "Ẹ kọ èyí tó bá wù yín, tíṣà, kí ọmọ ṣáà kàwé." Tíṣà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ Claudius. Ó ní orúkọ ọba Róòmù ni.

Ìwọ kò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ràn orúkọ náà tó. Bí àwọn ọmọ bá ń tiro tẹ̀lé mi láti ilé-ìwé, mo máa ń sọ nínú mi pé ẹ kò mọ̀, orúkọ ọba ni mò ń jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo fẹ́ máa kọ́ni nílé-ìwé àwọn Mùsùlùmí ni mo kéde nínú ìwé ìròyìn pé mo ti padà sí Bashiru. Ìyá rẹ kò mọ̀, ẹ̀yin ọmọ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tọ́jú ọba mi pamọ́ sínú. Òun ni ohun dáadáa kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni fún mi nílé-ìwé yẹn.

Lẹ́tà rẹ wá dé. O bi mí pé ta ni ẹni burúkú náà. Mo kà á, mo rántí ojú rẹ̀ bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó kọ Atiro sínú ìwé, mo sì ń dáhùn "Present, sà" ní gbogbo àárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, tí inú mi ń dùn. Ojú tì mí bí ọmọdé. Ó ti kú tipẹ́, n kò lè lọ bi í.

Orúkọ mẹ́ta ni mo ti kọ fún ọmọ rẹ sínú ìwé tuntun yẹn. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ ohun tí ọmọ aláìṣẹ̀ yóò gbé kiri fún ọgọ́ta ọdún. Mo dá ẹ̀tọ́ náà padà fún bàbá Ismaheel, kí wọ́n bá mi sọ ọ́ lórúkọ. Má dúró dè mí mọ́.

Bàbá rẹ


Thamesmead, London
19 Oṣù Keje, 2014

Dádì mi, olówó orí Mọ́mì mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run yóò gbà á. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, ẹ foríjì mí. Bí mo bá mọ̀ ni, ọwọ́ mi ì bá gbẹ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo sunkún débi tí Bébì fi jí.

Mo gbé lẹ́tà yín lọ bá Màmá Phoebe, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ibi ọ̀rọ̀ tíṣà náà kà. Wọ́n wá bi mí pé ṣé tíṣà náà sọ pé ọba Róòmù lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Dádì, ọba náà wà. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Claudius, ó sì ń tiro! Wọ́n ní ìyá tó bí i fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kí èèyàn rí i. Nígbà tí wọ́n fi í jọba tán, òun ló rán àwọn ọmọ ogun wá gba ilẹ̀ tí mo wà yìí gan-an. Ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là láti etí òkun wá sí London kọjá lórí òkè Shooters Hill tí mo ń rí láti ibi iṣẹ́, apá kan rẹ̀ sì ni Ismaheel ń gbà lójoojúmọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì.

Ẹni tó bá mọ̀ pé ọba Róòmù ni, Màmá Phoebe ní ó ṣeé ṣe kó mọ̀ pé ọba náà ń tiro. Ṣé ó fi yín ṣẹ̀sín ni, àbí ó fẹ́ fún yín ní ẹnìkan tó jọ yín? Wọ́n ní àwọn kò lè sọ. Èmi náà kò lè sọ, n kò sì ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín kì í ṣe orúkọ tí tíṣà náà kọ. Èyí tí kò kọ ni.

Bàbá Ismaheel ní àwọn kò gba ẹ̀tọ́ kankan padà lọ́wọ́ yín. Ismaheel ní, "Jemi, deadline ń bọ̀ o, kí la fẹ́ ṣe?" Mo sọ orúkọ tí mo rò fún un, ó ní kí n wọ bàtà.

Lánàá, ọjọ́ Jímọ̀, a gbé ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn ìlú ní Woolwich. Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló ń kọ ọ́, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ní, "And what's her name?" Mo ní Bashirat. Ó ní kí n bá òun tò ó, mo tò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n wò ó bóyá ó pé. Ó bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. Mo ní ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá, pé orúkọ bàbá mi ni. Ó ní, "That's lovely," ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn tó, Dádì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Phoebe ló tẹ̀lé e. Bashirat ni mo ní kó ṣáájú. Mo mọ̀ pé wọn kì í sábà fi orúkọ bàbá tó wà láàyè pe ọmọ nílé wa, tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú díẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀ ló wà nínú àpò yìí.

Ọmọ yín,
Jemilat


Ìjẹ̀bú-Òde
9 Oṣù Kẹjọ, 2014

Jemilat ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ìwé náà dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo fi gíláàsì mi kà á nínú ilé, mo tún gbé e jáde lọ kà á nínú oòrùn. Ìyá rẹ bá mi níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì pa á mọ́. Mo sọ ohun gbogbo fún un, láti orí Tíṣà Fẹ̀hìntọlá dé orí ọba rẹ tó ń tiro. Ó jókòó tì mí, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. N kò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí ji tíṣà náà. Mo ń rò ó.

N kò bínú sí orúkọ náà. Kí Phoebe tẹ̀lé e, mo fọwọ́ sí i.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ síbi ibojì bàbá mi. Mo ṣàdúà fún wọn. Mo mú ìwé náà jáde, mo kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ ìlú, ọjọ́, àti orúkọ ọmọ. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti kọ ọ́."

Bàbá rẹ,
Bashiru Sàlàkọ́